Bí ẹ ṣe lè kọ́ òfin pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn láti Ìlọrin

Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di lọ́yà, tó sì tún fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ènìyàn fi ń dá ọ̀ràn, ẹ̀kọ́ méjì ló ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, wọ́n máa ń so méjèèjì pọ̀ kí ọmọ jọ gbà wọ́n jáde. Ní Unilorin, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé: Faculty of Law ni òfin wà, Criminology and Security Studies sì wà lọ́dọ̀ àwọn Social Sciences. Kò sí ibi kan lórí fọ́ọ̀mù JAMB tí ẹ máa yàn níbẹ̀ tí yóò kó méjèèjì fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa so wọ́n pọ̀, ó sì ní bí a ṣe ń ṣe é tí ìkan kò fi ní ba èkejì jẹ́.

Ohun tí kò gbọdọ̀ bọ́ nínú ètò náà ni LL.B., ìyẹn dìgírì òfin, tí Council of Legal Education, àjọ tó ń darí Nigerian Law School, fọwọ́ sí. Láìsí i, ẹ kò lè wọ Nigerian Law School, ẹni tí kò bá sì gba Law School kọjá kò lè ṣe lọ́yà ní Nàìjíríà, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn ṣeé kọ́ nígbàkigbà, ọ̀nà rẹ̀ sì pọ̀. Ti òfin kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ohun méjì bá fẹ́ forí gbárí nínú ètò yín, ti òfin ni kí ẹ jẹ́ kó borí.

Ọ̀nà mẹ́ta, àti ìkan tí kò yẹ kí ẹ tọ̀

Ọ̀nà tí a máa ń kọ́kọ́ dá àwọn òbí lámọ̀ràn rẹ̀ ni kí ọmọ ṣe LL.B. ọlọ́dún márùn-ún, kó sì máa fa ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn mọ́ ọn láti inú. Criminal Law jẹ́ kọ́ọ̀sì dandan. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ òfin tún ní Criminology lára àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn wọn. Ẹ yàn án, ẹ bẹ ẹ̀ka yín kó jẹ́ kí ẹ mú kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì ní Sociology tàbí ní Criminology, kí ẹ sì fi pírójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkarùn-ún ṣe ìwádìí lórí ìwà ọ̀daràn. Orúkọ kan ṣoṣo ni yóò wà lórí ìwé ẹ̀rí yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ méjì ni yóò wà lórí yín.

Ọ̀nà kejì: ẹ parí LL.B. àti Law School, kí ẹ tó wá gba másítà nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn. Ẹ tètè bi yunifásítì tí ẹ fẹ́ lọ bóyá wọn yóò gba ẹni tó ka òfin tààrà, tàbí wọn yóò ní kó kọ́kọ́ ṣe PGD, ìyẹn díplómà lẹ́yìn dìgírì. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti máa ń béèrè PGD nítorí pé lọ́yà kò kọ́ statistics.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí JAMB kò fún ní Law. Ó lè gba B.Sc. Criminology ọlọ́dún mẹ́rin, kó sì fi ìwé ẹ̀rí náà wọ Law pẹ̀lú Direct Entry sí ọdún kejì, èyí tí yóò tún gbà á ní ọdún mẹ́rin. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn kó tó kan Law School. Kì í ṣe ọ̀nà burúkú, ṣùgbọ́n máàkì dìgírì àkọ́kọ́ ló máa pinnu rẹ̀, torí ẹni tó bá jáde pẹ̀lú third class kò ní rí ilé ẹ̀kọ́ òfin tó máa fẹ́ gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gé ọdún kúrú lè gba IJMB, ìdánwò onípele A-Level tó wọ́pọ̀ gan-an ní Ìlọrin, kó fi wọ ọdún kejì Law tààrà.

Èyí tí kò yẹ kí ẹ dán wò ni kí ẹ máa ṣe LL.B. ní Unilorin lójúmọmọ, kí ẹ sì tún fi orúkọ sílẹ̀ fún dìgírì mìíràn ní ibòmíràn. JAMB kò gbà kí ènìyàn kan di àyè ìgbàwọlé méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ tí àṣírí bá sì tú, méjèèjì lè bọ́. NOUN, ìyẹn National Open University, ní B.Sc. Criminology and Security Studies, wọ́n sì ní ibùdó ní Ìlọrin. Ó dára fún ọlọ́pàá, wọ́dà tàbí lọ́yà tó ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe fún ẹni tó wà ní ọdún kejì Law.

Unilorin nìkan kọ́ ló ń kọ́ òfin ní Ìlọrin. Al-Hikmah náà ń kọ́ ọ, àwọn yunifásítì aládàáni sì ń pọ̀ sí i ní gúúsù Kwara. Ibi yòówù kí ẹ fẹ́ san owó sí, ẹ béèrè ohun méjì ní ọ́fíìsì Dean, kí ẹ sì rí i lórí ìwé. Èkíní: ǹjẹ́ Council of Legal Education ti fọwọ́ sí i? Ìfọwọ́sí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, nìkan kò tó. Àjọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èkejì: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni Law School ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún, mélòó ni wọ́n sì kó sí ọdún kìíní? Bí àyè bá jẹ́ 100, tí kíláàsì jẹ́ 160, 60 yóò jókòó sílé, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò sì bá wọn lórí ìlà. Ibẹ̀ ni ọmọ tó ṣe dáadáa ti ń pàdánù ọdún méjì láìṣẹ̀.

WAEC àti JAMB

Fún Law, kírẹ́díìtì márùn-ún, kí English àti Literature wà níbẹ̀. Ẹ̀ka Criminology, nítorí pé ó wà lábẹ́ Social Sciences, ń fẹ́ kírẹ́díìtì nínú Mathematics. Ẹ rí i pé ẹ ní i láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe ju òfin lọ, kí ilẹ̀kùn kejì lè wà ní ṣíṣí. Ní JAMB, English, Literature àti méjì míì nínú Arts tàbí Social Science ni ti Law. Government ṣe pàtàkì, torí ó wúlò ní ìhà méjèèjì.

Unilorin tún ní Common and Islamic Law, tó ń béèrè Arabic tàbí Islamic Studies. Ó bá ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Area Court tàbí ní Sharia Court of Appeal mu. Ẹ má sì rò pé òfin ìwà ọ̀daràn Sharia ni Kwara ń lò o: Kwara kò sí lára ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá tó gbé e kalẹ̀. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, ni wọ́n ń lò níbí.

Olè kan, ìbéèrè méjì

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú jù rèé, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ká ní ọkùnrin kan yọ fóònù nínú báàgì obìnrin kan ní ọjà Ìpàtà. Kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi dì í mú, fóònù sì padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ǹjẹ́ ó jalè, àbí ó gbìyànjú láti jalè ni?

Òfin ni ẹ máa fi dáhùn, kì í ṣe àánú. Ẹ ṣí Penal Code sí abala 286, kí ẹ tú u palẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ: ohun tó ṣeé gbé ni fóònù, ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹni náà kò yọ̀ǹda, ọkàn àbòsí ni ọkùnrin náà fi mú un, ó sì ti ṣí i nípò láti gbé e lọ. Gbogbo rẹ̀ ti pé. Olè ti jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jèrè. Ìjìyà rẹ̀ wà ní abala 287: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 5 lọ, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ẹni tó bá kọ “ó gbìyànjú ni, torí wọ́n ti gba fóònù padà” ti pàdánù máàkì, nítorí kò ka gbólóhùn tó sọ pé ìṣínípò ló ń sọ ọ́ di olè.

Bó bá jẹ́ ní Ìkìrun ló ti ṣẹlẹ̀, tí kò jìnnà sí Ọ̀ffà rárá, Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Gúúsù, ni wọ́n ń lò ní Ọ̀ṣun, abala 383 àti 390 sì ni ẹ máa wò. Ọmọ gúúsù Kwara tó ń gbé létí ààlà gbọ́dọ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: ọ̀pọ̀ ìwé Criminal Law tí wọ́n ń tà ní Ìbàdàn àti Èkó, Criminal Code ni wọ́n gbé ka iwájú. Ẹni tó bá kà á tán tó wá kọ “murder, abala 316” sínú ìdánwò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òmù-Àrán ti ṣìnà. Culpable homicide ni ti Penal Code, abala 220 àti 221.

Ẹ wá gbé fóònù kan náà lọ sí kíláàsì Criminology. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó jẹ̀bi. Wọ́n á ní, kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀, àsìkò yẹn, obìnrin yẹn? Àbá routine activity, tó jáde ní 1979, sọ pé ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó fẹ́ ṣe é, ohun tó rọrùn láti mú, àti àìsí ẹni tó lè ṣọ́ ọ. Ẹ máa wo báàgì tí kò ní síìpù, èrò tó ń fún ara wọn, ibi tí ọlọ́dẹ ọjà máa ń dúró sí. Àbá labelling yóò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún 16 tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní olè. Ìbéèrè kan tún wà tí kì í tán: nínú ẹni mẹ́wàá tí wọ́n jí fóònù wọn, mélòó ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Bí ẹni méjì péré bá lọ, ìwé ọlọ́pàá kò fi iye olè hàn yín. Iye ẹni tó fẹjọ́ sùn ló fi hàn.

Ẹ má fi ìdáhùn ìhà kan jẹ́ ìbéèrè ìhà kejì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ sínú ìdánwò Criminal Law pé ìṣẹ́ ló mú un jalè. Ìṣẹ́ kì í ṣe àwíjàre nínú Penal Code. Ìgbà tí adájọ́ bá ti dá a lẹ́bi, tí lọ́yà rẹ̀ ń tọrọ àánú kí wọ́n tó dá ìjìyà, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ rí àyè. Bákan náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ sínú Criminology pé ọdún 5 lẹ́wọ̀n yóò dẹ́rù ba àwọn olè, kí ẹ sì fi kókó síbẹ̀. Ẹ mú ẹ̀rí wá. Ohun tí ìwádìí fi hàn jù ni pé ìdánilójú pé wọn yóò mú ènìyàn máa ń dá a dúró ju bí ẹ̀wọ̀n ṣe gùn tó lọ.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀

Ọdún kìíní kò le: Legal Methods, àwọn GNS (kọ́ọ̀sì gbogbogbòò), àti díẹ̀ nínú kọ́ọ̀sì Arts àti Social Sciences. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kí ẹ mú Introduction to Sociology tàbí Psychology, torí àyè kò ní sí mọ́ lẹ́yìn náà. Láti ọdún kejì ni Contract àti Constitutional Law ti ń wọlé. Criminal Law àti Torts tẹ̀ lé e. Equity, Land Law, Evidence, Company Law àti Jurisprudence wà ní òkè. Yúnìtì 15 ló kéré jù, 24 ló pọ̀ jù ní sẹ́mẹ́sítà kan. Ẹ má kún un dé 24 nítorí ìfẹ́ Criminology. Ẹni tó ní yúnìtì 18, tó ń fi wákàtí méjì kàwé fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó fi jókòó ní kíláàsì, ti ní wákàtí 36 lọ́rùn lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí kíláàsì fúnra rẹ̀. Bí ilé yín bá tún wà ní Gérí-Àlímí tí ẹ ń gba Tanke lọ sọ́gbà lójoojúmọ́, ọ̀nà náà yóò jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ fi ojú ewé kan péré kọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlà márùn-ún, ìbéèrè tó wà níwájú kóòtù, ohun tí kóòtù sọ, àti ìdí rẹ̀. Woolmington ti 1935, fún àpẹẹrẹ, ìdí rẹ̀ ni pé olùpẹ̀jọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bi hàn, kì í ṣe olùjẹ́jọ́ ló máa fi àìṣẹ̀ rẹ̀ hàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ ibi tí òfin tiwa ti sọ ọ́: abala 36(5) nínú ìwé òfin 1999, àti abala 135 nínú Evidence Act 2011. Ẹni tó bá kó ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì jọ láìmọ abala ti Nàìjíríà, bí àlejò ló ṣe máa rí ní kóòtù.

Bí a ṣe ń tọ́ka sí ìwé yàtọ̀ níhà méjèèjì. Lọ́dọ̀ àwọn olófin, ìsàlẹ̀ ojú ewé ni, ní ìlànà NALT tàbí OSCOLA. Lọ́dọ̀ àwọn oní-Criminology, APA ni, orúkọ àti ọdún láàárín gbólóhùn. Ẹ ya fóldà méjì sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú máàkì tó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ méjèèjì, ibi yìí ló ti ń bọ́.

Kóòtù àti ọgbà ẹ̀wọ̀n

Ẹ kò lè fi ìwé nìkan kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kóòtù ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àyàfi ẹjọ́ ọmọdé àti àwọn tí adájọ́ bá ní kí wọ́n tilẹ̀kùn lé. Ẹ lọ sí Magistrate Court ní Ìlọrin tàbí Ọ̀ffà, kí ẹ dé kó tó di aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú aṣọ funfun òun dúdú tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń wọ̀. Ẹ pa fóònù. Ẹ tẹrí ba fún adájọ́ bí ẹ bá ń wọlé àti bí ẹ bá ń jáde. Ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ má ya fọ́tò.

Ẹ fa ìlà márùn-ún sínú ìwé yín: ẹ̀sùn àti abala òfin rẹ̀, ipò tí ẹjọ́ dé, bóyá olùjẹ́jọ́ ní lọ́yà, ohun tí wọ́n sọ nípa béèlì, àti ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni ìṣúra. Ẹlẹ́rìí tí kò wá, fáìlì tó wà lọ́dọ̀ DPP (olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba), wọ́dà tí kò rí mọ́tò gbé olùjẹ́jọ́ wá: bí ẹ bá ti kọ 60 irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ti ní ìwádìí tó dájú lọ́wọ́, èyí tó sàn ju 300 fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ yín kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìlà náà.

Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n yàtọ̀. Mándàlà àti Òkè-Kúrá ló wà ní Ìlọrin, Òmù-Àrán náà ní tirẹ̀. Ẹ kò lè yà síbẹ̀ lásán. Ẹ gba lẹ́tà láti ẹ̀ka yín sí Controller iléeṣẹ́ Correctional ní ìpínlẹ̀, kí ẹ fi ìwé ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ ethics ti yunifásítì àti àwọn ìbéèrè yín tì í, kí ẹ sì fún wọn ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A sì bẹ̀ yín, ẹ má bi ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù léèrè ohun tó ṣe. Ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín lọ́yà àti oníbàárà rẹ̀ ní ààbò ní abala 192 nínú Evidence Act. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́wọ̀n bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ní. Wọ́n lè pè yín wá jẹ́rìí sí i, ẹ ó sì ti fi ìwádìí yín dá ọ̀ràn sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Ìgbésí ayé rẹ̀ kó tó débẹ̀, bí ó ṣe rí lọ́yà tàbí bí kò ṣe rí i, bí ẹbí ṣe ń wá wò ó, ìyẹn tó láti béèrè.

Àkòrí pírójẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní àyíká yín. Òfin Correctional Service ti 2019 mú iṣẹ́ ìlú àti probation wá dípò ẹ̀wọ̀n. Ẹ wo bí àwọn Magistrate ní Kwara ṣe ń lò ó. Ìdigunjalè àwọn báǹkì Ọ̀ffà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2018, oṣù kẹsàn-án 2024 sì ni Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìlọrin tó dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ lè gbé ọdún mẹ́fà yẹn yẹ̀ wò láti ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ kan sí èkejì. Ẹ rántí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ pàdánù ẹbí wọn; ẹ lọ sórí fáìlì kóòtù kí ẹ tó lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni.

Bó bá jẹ́ òkè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, LL.B. Law with Criminology máa ń gba ọdún mẹ́ta. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: “Criminology with Law” tó jẹ́ B.A. tàbí B.Sc. kì í sábà jẹ́ dìgírì òfin. Ní Ọsirélíà, dìgírì méjì ni wọ́n ń fúnni, ó sì máa ń gbà tó ọdún márùn-ún. Kọ́ọ̀sì òfin 11 tó jẹ́ dandan níbẹ̀ ti kó Evidence mọ́ra. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣàyàn ni Evidence máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ yàn án. Ẹ kọ̀wé sí Council of Legal Education kí ẹ tó san owó, ẹ fi àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì ránṣẹ́. Wọn kì í gba LL.B. tí a ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní part-time. Bí ẹ bá padà dé, Bar Part I, apá Law School tó wà fún àwọn tó kàwé òfin lókè òkun, ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: Constitutional Law, Criminal Law, Land Law àti Legal System ti Nàìjíríà. Ẹ tọ́jú ìwé Penal Code yín.

Law School

Kọ́ọ̀sì márùn-ún ló wà níbẹ̀: Criminal Litigation, Civil Litigation, Property Law Practice, Corporate Law Practice àti Professional Ethics. Ẹni tó fẹ́ràn ìwà ọ̀daràn máa ń fi gbogbo ara ka àkọ́kọ́, á sì fọwọ́ yẹpẹrẹ mú Property. Máàkì kọ́ọ̀sì márààrún ló ń wọ inú ìpele tí ẹ máa jáde pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀.  Ẹ fi wákàtí tó pọ̀ jù sórí èyí tí ẹ kò fẹ́ràn.

Lẹ́yìn Law School ni ọ̀pọ̀ ń ṣe NYSC. Ẹ lè kọ̀wé pé ẹ fẹ́ sìn ní Ministry of Justice, ní Legal Aid Council tàbí ní EFCC. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí fáìlì gidi, ẹ sì lè ti ibẹ̀ mú àkòrí másítà yín. Ẹ béèrè transcript ní yunifásítì kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin, torí ó máa ń pẹ́.